Ṣé kí n ta kámẹ́rà tí ọkọ mi rà fún mi?

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òṣogbo ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń fi fóònù ya fọ́tò. Kì í ṣe iṣẹ́, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ìyá alákàrà ẹnu ọ̀nà wa, àwọn ọmọ kíláàsì mi bí wọ́n bá ń ṣeré, òjò lórí páànù. Bí mo bá ti yà á tán, màá fi han ẹni tí mo yà, tàbí kí n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ mi ra kámẹ́rà Canon 600D tòkunbọ̀ fún mi, pẹ̀lú lẹ́ńsì 18-55 tó bá a wá. Oṣù mẹ́fà rèé, mi ò tíì fi ya ọgọ́rùn-ún fọ́tò. Àwọn kan ṣókùnkùn, àwọn kan rí bàìbàì. Fóònù mi ń yà á dáadáa jù ú lọ. Ó wá dà bíi pé fọ́tò yíyà gan-an ti ń sú mi. Ṣé kámẹ́rà yẹn ni kò dára ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò? Ṣé kí n tà á, kí n fi owó rẹ̀ kún owó fóònù tuntun? Mi ò sì fẹ́ kó dun ọkọ mi."

Àǹtí tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ti ọkọ yín, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ mọ bí ẹ ó ṣe sọ ọ́, mi ò ní bá yín dá sí i. Ti kámẹ́rà ni kí n dáhùn. Kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà yẹn, kò sì sí ohun tó ṣe ẹ̀yin náà. Ẹni tó bá rí òjò lórí páànù tó sì sọ pé òun fẹ́ yà á, onítọ̀hún ti ní ojú fọ́tò, ìyẹn ni a ò sì lè rà lọ́jà.

Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ìpín iṣẹ́ ló yí padà mọ́ yín lọ́wọ́. Kò sí kámẹ́rà tó ń dá ya fọ́tò, kò sì sí ayàwòrán tó ń dá a yà. Àwọn méjèèjì ló jọ ń pín in ṣe. Ẹ̀rọ kan á ní òun á ṣe èyí, kí ẹ máa bá ìyókù lọ. Òmíràn á ní rárá, tiyín ni. Inú ìpín tẹni lèèyàn ti ń gbádùn rẹ̀. Lórí fóònù, ìpín tiyín ni kí ẹ rí nǹkan, kí ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ sì fi han ẹni tó ni ojú. Àwọn nǹkan mẹ́ta yẹn lẹ kọ sínú lẹ́tà. Ẹ ò kọ ọ́ níbì kankan pé ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa yí bọ́tìnnì. Kámẹ́rà ńlá wá dé, ó gba ìfihàn yẹn lọ́wọ́ yín, ó sì gbé ẹrù ìmọ́lẹ̀ lé yín lórí láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń rù ú. Báwo ni kò ṣe ní sú yín?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí fóònù ti ń bá yín ṣe láìsọ fún yín. Bí ẹ bá ti ṣí kámẹ́rà inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà kí ọwọ́ yín tó kan bọ́tìnnì rárá. Ó ń yà, ó ń tọ́jú wọn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń dà wọ́n nù. Ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, á ṣa bíi mélòó kan nínú wọn, á tò wọ́n lé ara wọn, á mú ibi tó mọ́lẹ̀ dáadáa nínú ọ̀kan, ibi tí kò mì nínú èkejì, á pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Google gbé èyí dé ibi tó ya èèyàn lẹ́nu ní 2018, nígbà tí wọ́n fi Night Sight, ètò fọ́tò alẹ́, sínú Pixel, fóònù tiwọn, tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í rí nínú òkùnkùn ju ojú ẹni tó dì í mú lọ. Nítorí náà, fọ́tò kan tí ẹ rò pé ẹ yà, bíi mẹ́wàá ni, àjọyà sì ni.

600D yín kò mọ nǹkan kan nínú ìyẹn. Ọdún 2011 ni wọ́n gbé e jáde. Ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, ó ya ẹyọ kan, ohun tó bá bọ́ sí i náà nìyẹn.

Ẹ ó ní, ṣebí wọ́n ní kámẹ́rà ńlá ń gba ìmọ́lẹ̀ ju fóònù lọ? Òótọ́ ni, àmọ́ wọn kì í sọ ìdajì tó kù. Awẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú 600D fẹ̀ tó 22 mílímítà ní ìbú, ó sì ga tó 15. Bí a bá fi wé ti fóònù tí owó rẹ̀ kò ga, ti 600D fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́tàlá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì 18-55 tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn yẹn, bí ẹ bá fà á jáde dé 55 kí ojú ọmọ lè sún mọ́ yín, ihò rẹ̀ kò lè ṣí ju f/5.6 lọ. Ti ọ̀pọ̀ fóònù ń ṣí dé f/1.8. Nọ́ńbà yìí, bó bá ṣe kéré sí ni ihò ṣe fẹ̀ sí. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́: ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú f/1.8 wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó ń gba ojú f/5.6. Ohun tí awẹ́ ńlá fi ọwọ́ ọ̀tún mú wá, lẹ́ńsì ti fi ọwọ́ òsì gbà á padà. Nínú kíláàsì tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ méjì, kámẹ́rà á wá ní kí òun la ojú pẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè tó, bóyá ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ wo ló lè dúró jẹ́ẹ́ fún ìyẹn? Bàìbàì tí ẹ rí nìyẹn. Kì í ṣe ọwọ́ yín nìkan ló ń gbọ̀n.

Ti òkùnkùn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká lo ìyá alákàrà. Ó dá mi lójú pé ní kùtùkùtù lẹ ń yà wọ́n, nígbà tí ojú ọ̀run ti ń funfun lẹ́yìn wọn, tí èéfín ń gòkè, tí iná igi ń tàn sí wọn lágbọ̀n láti ìsàlẹ̀. Ojú tiyín ń wo ojú wọn. Ojú kámẹ́rà ń wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀, bí a bá da gbogbo àwọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, eérú ló yẹ kó jọ. Ó bá wo ọ̀run tó funfun, ó wo èéfín tó funfun, ó ní, "Háà, ìmọ́lẹ̀ yìí ti pọ̀ jù," ó sì dín in kù. Ọ̀run á wá rí bí eérú lóòótọ́, èéfín náà á rí bí eérú, ìyá alákàrà á sì dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ. Ẹ mú bọ́tìnnì orí kámẹ́rà kúrò lórí àwọ̀ ewé, ẹ gbé e sí P tàbí Av. Lẹ́yìn kámẹ́rà, ẹ ó rí bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ Av sí lára pẹ̀lú àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò. Ẹ dì í mú, kí ẹ fi ìka kejì yí irin róbótó tó wà níwájú lókè, títí ilà kékeré inú rẹ̀ á fi dé +1. Ẹ tún ìyá alákàrà yà. Bí ó bá kù díẹ̀, ẹ lọ sí +1⅓. Ọ̀run ẹ̀yìn wọn á funfun kọjá ààlà, ẹ jẹ́ kó funfun, kì í ṣe ọ̀run lẹ wá yà. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan tó bọ́ sí i, ẹ ó rí i pé nǹkan kan ti padà sí ọwọ́ yín tí fóònù kì í jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ìtìjú bá yín nítorí fóònù. Ìjà yìí pẹ́. Ní 1888, George Eastman ní Rochester, ìpínlẹ̀ New York, gbé Kodak jáde. Fíìmù tó lè ya ọgọ́rùn-ún fọ́tò ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́; bí ẹ bá yà á tán, ẹ ó dá kámẹ́rà náà lódindi padà sọ́dọ̀ wọn, wọ́n á fọ fọ́tò, wọ́n á sì ki fíìmù tuntun bọ̀ ọ́. Ìpolówó rẹ̀ ni pé, ẹ tẹ bọ́tìnnì, àwa á ṣe ìyókù. Nígbà tó di 1900, wọ́n ń ta kámẹ́rà wọn mìíràn, Brownie, ní dọ́là kan péré. Àwọn tó ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń po oògùn, tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kiri, bínú gidigidi. Wọ́n ní àwọn atẹ-bọ́tìnnì ti ba iṣẹ́ jẹ́. Alfred Stieglitz, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, wà láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó fi ojú iṣẹ́ ọnà wo fọ́tò jù ú lọ, síbẹ̀ ní oṣù kejì 1893, kámẹ́rà kékeré alágbèéká ló gbé jáde sínú ìjì yìnyín ní Fifth Avenue, ní ìlú New York. Wákàtí mẹ́ta ló fi dúró nínú òtútù yẹn kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń retí tó bọ́ síbi tó fẹ́. Ẹ̀rọ ti gba ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdúró ṣì kù fún un, ìdúró yẹn ló sì dùn mọ́ ọn. J.D. 'Okhai Ojeikere tiwa, tó ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan, Brownie D tí kò ní fílááṣì ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, fíìmù ni mo fi kọ́ iṣẹ́, mi ò sì ní parọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Lọ́jọ́ ìkómọ kan, mo ya 36, ibi tó yẹ kí fíìmù tán sí, mo wo nọ́ńbà orí kámẹ́rà, ó ṣì ń lọ. 37. 38. Nígbà tó di 40, òógùn bò mí. Ẹni tó bá mọ kámẹ́rà fíìmù mọ̀ pé bí ẹ bá ń fà á síwájú, ọwọ́ irin kékeré tó wà lápá òsì gbọ́dọ̀ máa yí pẹ̀lú rẹ̀. Tèmi kò yí láti àárọ̀. Fíìmù ò gun eyín irin tó ń fà á, ojú kan ló wà. Kò sí ẹyọ kan nínú ìkómọ yẹn, àfi orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ. Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń sọ pé fíìmù ló ní ẹ̀mí, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Ìgbádùn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìrètí ló wà, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ fi ń dúró de kí wọ́n fọ fọ́tò tán. Ìrètí yẹn kì í ṣe tiyín, àǹtí. Ẹ̀yin fẹ́ fi hàn lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ fojú fò nípa fóònù kí ẹ tó sọ pé òun ló dára jù. Lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, mo fi fóònù tuntun ya màmá mi níwájú ilé. Wọ́n kọlà, àbàjà tó hàn ketekete. Mo na fóònù sí wọn. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n ní, "Ta nìyí?" Mo wò ó dáadáa. Fóònù ti nu ilà ojú màmá mi. Kò nu ún tán o, ó kàn dà bí ìgbà tí wọ́n fi omi pa á rẹ́, ó sì ti mú àwọ̀ wọn pupa díẹ̀ sí i. Ẹ̀wà ló ní òun ń fi kún wọn. Mi ò tẹ nǹkan kan. Bí mo ṣe rà á ló ti wà bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wo fóònù yín báyìí: ibi tí wọ́n kọ Beauty sí, ẹ fà á dé òdo. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn fọ́tò ọmọ kíláàsì yín láti ọdún mẹ́rin, kí ẹ wò ó bóyá àpá kékeré tí ẹ mọ̀ sí ojú ọmọ kan ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ayé fíìmù, káàdì tí ilé iṣẹ́ Kodak fi ń ṣètò àwọ̀ fún àwọn tó ń fọ fọ́tò, òyìnbó obìnrin ló wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń wọn ti gbogbo ayé. Ní 2021 ni Google ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Real Tone jáde nínú Pixel 6 láti fi tún ti àwọ̀ dúdú ṣe. 600D yín kò ní ìmọ̀ kankan nípa ẹ̀wà. Ojú tí ó bá rí ló ń yà, pẹ̀lú gbogbo ilà rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo kórìíra kí a tún fọ́tò ṣe. Ní Ìlá Ọ̀ràngún láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á tẹ fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, wọ́n á jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ èkejì fún un, wọ́n á tún un yà. Stephen Sprague, òyìnbó Amẹ́ríkà tó wá síbẹ̀ ní 1975, kọ nípa rẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n tàn jẹ nínú ilé yẹn; àwọn ará ilé ló ní kí wọ́n ṣe é. Fóònù kò bi màmá mi léèrè.

Ó yá, kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ gba ìfihàn yín padà ná. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ṣáájà, kí ẹ ní wọ́n kí wọ́n fún yín ní ohun kékeré tí wọ́n ń ki mẹ́mọ́rì káàdì kámẹ́rà sí, tí wọ́n á wá fi gún ìdí fóònù. 600D kò ní Wi-Fi, ìdí nìyẹn tí fọ́tò rẹ̀ fi ń há sínú rẹ̀. Pẹ̀lú ohun kékeré yìí, fọ́tò ìyá alákàrà á dé orí WhatsApp kí àkàrà tó tutù. Ó tiẹ̀ tún ní ohun tí fóònù yín kò ní: ojú gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí jáde, ó sì ń yí. Ẹ yí i sọ́dọ̀ wọn. Ẹ wo bí wọ́n á ṣe ṣe.

Lẹ́yìn náà, lẹ́ńsì. Gbogbo èèyàn tí ẹ bá bi á ní kí ẹ ra 50mm f/1.8, nítorí kò wọ́n, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Èmi ò ní bá wọn sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Lórí kámẹ́rà yín, 50 ti sún mọ́ nǹkan jù. Kí odindi ìyá alákàrà àti agbada wọn tó lè wọ inú fọ́tò, ẹ ó ti fẹ̀yìn rìn dé àárín títì, ọlọ́kadà kò sì ní mọ̀ pé fọ́tò lẹ ń yà. 24mm f/2.8 ni kí ẹ wá ní tòkunbọ̀, èyí tí Canon gbé jáde ní 2014. Ó pẹlẹbẹ bí àkàrà gan-an, 125 gíráàmù ni, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti f/5.6. Kò ṣeé fà síwá sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ yín ni ẹ ó máa fi sún mọ́ nǹkan, bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ya àwọn ọmọ tó ń sáré, ẹ yí bọ́tìnnì orí kámẹ́rà sí Tv, ibi tí ẹ ó ti fúnra yín yan bí kámẹ́rà ṣe máa la ojú pẹ́ tó, kí ẹ fi í sí 1/250 ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ jẹ́ kí ISO, ìyẹn nọ́ńbà bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ lágbára tó, máa yan ara rẹ̀, kí ẹ sì kó wọn jáde sí abẹ́ igi. Ẹ má bẹ̀rù bí fọ́tò bá ní hóró díẹ̀ bí iyanrìn. Hóró kì í ba ojú ọmọ jẹ́ bí Beauty inú fóònù ṣe ń bà á jẹ́.

Ẹ gbàgbé ti megapixel, ìyẹn iye mílíọ̀nù àmì tín-tìn-tín tó para pọ̀ di fọ́tò. 18 tó wà lórí kámẹ́rà yẹn tó yín títí ayé.

Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Kámẹ́rà náà pẹ̀lú lẹ́ńsì tó bá a wá, ó lé ní 750 gíráàmù, ó tó fóònù mẹ́rin. Mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ máa gbé e lọ́jọ́ gbogbo, ẹ ò ní ṣe é. Ẹ mú ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ká sọ pé ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ń ṣe eré ìdárayá. Àwọn ọjọ́ yòókù, ẹ máa lo fóònù yín pẹ̀lú ìdùnnú.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì. Bó bá wá jẹ́ pé lọ́jọ́ Sátidé náà, fóònù lọwọ́ yín ṣì ń lọ bá, ẹ tà á, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á béèrè iye fọ́tò tó ti yà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, á sì wo inú lẹ́ńsì. Ohun funfun kan wà tó máa ń hù sára gíláàsì inú lẹ́ńsì bí okùn aláǹtakùn bó bá pẹ́ nínú báàgì lásìkò òjò, kì í sì í ṣeé nù láti ìta. Nítorí náà, bóyá ẹ ó tà á o, bóyá ẹ ò ní tà á o, ẹ má dá a padà sínú báàgì dúdú tí wọ́n fi gbé e wá. Ẹ wá àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kí a má jẹ, ẹ kó bíi mẹ́ta sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ gbé kámẹ́rà sí i. Lálẹ́ òní, ẹ yọ lẹ́ńsì náà, ẹ gbé e sí iwájú gílóòbù, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bó bá mọ́ gaara, ẹ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn Sátidé.